Koríko Ẹ̀yìn Ilé Mi

Ewúrẹ́ mẹ́sàn-án ni màmá ẹ̀yìn ilé wa ní nígbà tí a kó dé àdúgbò wa. Mo mọ iye wọn nítorí pé èmi fúnra mi ni mo jókòó ti wíńdò yàrá mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo sì kọ iye náà sínú ìwé ẹ̀sùn.

Tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó-Èkìtì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi. Ọdún mọ́kànlá la fi kọ́ ilé wa, díẹ̀díẹ̀, ní àdúgbò tuntun kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìgbẹmọ, níbi tí ìlú ti ń tán lọ tí oko ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn sí ilé yẹn débi pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo máa ń fi aṣọ tútù nu géètì láràárọ̀ kí n tó lọ sí iléèwé. Mo gbin òdòdó síwájú ilé. Mo gbin ilá àti ewúro sí ẹ̀gbẹ́. Mo tún gbin òdòdó kan tó máa ń fà sí ìdí fẹ́ńsì ẹ̀yìn, ó sì fà, ó gun fẹ́ńsì náà títí ó fi bò ó pátápátá. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ló ń yìn ín.

Lẹ́yìn fẹ́ńsì yẹn, ilẹ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí. Òkè òkun ni ẹni tó ni ín ń gbé, a kò rí i rí. Ní òdìkejì ilẹ̀ náà ni ilé màmá eléwúrẹ́ wà.

Ará Ṣakí ni màmá náà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti bá ọkọ rẹ̀ wá sí Adó. Ọkọ ń bá àwọn èèyàn roko, ìyàwó ń ta ata gbígbẹ ní Ọjà Ọba. Ìdílé tó ni ilẹ̀ fún ọkọ náà ní ààyè kan, ó kọ́ yàrá méjì alámọ̀ sí i, kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tó fi kú. Nígbà tí àwa dé, màmá náà nìkan ló kù níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, àti ahéré onípákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi tó ń kó àpò ata rẹ̀ sí. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Orí àpáta yẹn ló ń sá ata sí, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ láti ọ̀hún, èmi á máa sín nínú ilé ìdáná mi.

Àwa yòókù tí a wà ládùúgbò, onílé bíríkì ni wá, tíṣà nìyí, akọ̀wé ìjọba nìyẹn. À ń kí màmá náà dáadáa bí a bá pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pè é sí ìpàdé onílé rí. A kò jókòó sọ pé kó má wá. Kò kàn sí ẹni tó ronú kàn án ni.

Láàárọ̀, àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ á jáde sórí ilẹ̀ òfìfo yẹn, wọ́n á jẹ koríko ibẹ̀ títí ilẹ̀ náà á fi dà bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀. N kò kíyè sí ìyẹn nígbà yẹn. Ohun tí mo kíyè sí ni pé tí wọ́n bá jẹ ọ̀hún tán, wọ́n máa ń yí wá sí iwájú ilé wa, tí ẹnìkan bá sì gbàgbé géètì sí ṣíṣí, òdòdó mi ti lọ nìyẹn. Mo lé wọn títí. Mo sọ wọ́n lókò. Mo pariwo sí màmá náà láti orí fẹ́ńsì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ohun tó wá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni ọjọ́ Sunday kan tí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi wá kí wa kú ilé tuntun. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, a ti gbàdúrà sí i, nígbà tí òbúkọ ńlá kan ti ẹnu ọ̀nà wọlé wẹ́rẹ́, ó dúró láàárín pálọ̀, ó wò wá yíká, ó sì tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú o, ṣé inú oko lẹ kọ́ ilé yín sí ni?"

Ẹ̀rín ni wọ́n fi gbé e kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ìgbà tí a ti kó dé ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rù pé àwọn èèyàn á sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo mú bírò.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé. Mo kọ ìwé ẹ̀sùn náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì tún un kọ ní Yorùbá kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ lè gbọ́ ọ yé. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbẹ́ ewúrẹ́ ń kó àìsàn ran àwọn ọmọdé àdúgbò. N kò mọ ọmọ kan ṣoṣo tí ewúrẹ́ kó àìsàn ràn. Àwọn ará ẹgbẹ́ gbà pẹ̀lú mi, nítorí pé tíṣà ló kọ ọ́, ó sì dùn ún gbọ́. A fi òfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin ewúrẹ́ ládùúgbò mọ́. A fún màmá náà ní oṣù kan. Èmi ni wọ́n ní kí n mú ìwé náà lọ fún un, mo sì fi ọ̀yàyà gbé e lọ.

Kò mọ̀wé kà, nítorí náà mo kà á fún un lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó sì ká a mọ́ etí aṣọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, nírọ̀lẹ́, ó wá bá mi nílé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, kò fẹ́ wọlé nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ní erùpẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Mà á so wọ́n mọ́lẹ̀. Mà á kan èèkàn sórí ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé yín yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n á máa jẹ̀ sí. Wọn ò ní wọ ọgbà yín mọ́."

Mo ní, "Màmá, òfin ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi."

"Ilẹ̀ yẹn ńkọ́? Ta ló máa bá yín jẹ koríko ibẹ̀? Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Ṣakí, a kì í jẹ́ kí koríko ga dé ẹ̀yìn ilé kí ọyẹ́ tó dé. Iná kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Adó nìyí, Màmá," ni mo dá a lóhùn. "Kì í ṣe ìgbẹ́."

Mo rántí bí mo ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń bá ọmọ kíláàsì mi tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá sọ̀rọ̀. Obìnrin tó tó bí mi. Ó dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì lọ.

Kí oṣù náà tó pé, kẹ̀kẹ́ márúwá kan wá kó àwọn ewúrẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ tó bọ̀. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnì mi, mo ń wò wọ́n. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké lọ lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ yẹn, mo gún iyán, mo jẹun yó, mo sì sùn dáadáa.

Ìgbà òjò dé. Láàárín oṣù méjì, ilẹ̀ òfìfo yẹn ti di nǹkan mìíràn. Eèsún hù níbẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ, ó yọ orí sókè fẹ́ńsì, ó sì dì mọ́ òdòdó tí mo fà sára rẹ̀. Láti wíńdò mi, n kò rí ilé màmá náà mọ́. Mo rí ejò nínú ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ìyẹn a tún rí òmíràn lábẹ́ mọ́tò. Ọkọ mi ní kí a wá àwọn alágbàṣe tó máa ṣán an. Mo ní àgbàṣe á pẹ́, mo sì ti gbọ́ pé àwọn kan wà tó ń fín kẹ́míkà, pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì koríko á ti kú tán.

Ọkùnrin tó wá fín in gbé táǹkì oògùn kọ́ ẹ̀yìn, ó fi aṣọ bo imú. Ó fín in láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti ń dáwọ́ dúró lọ. Nígbà tó parí, ó pè mí sí ẹ̀yìn ilé.

"Mọ́mì, tó bá ti kú tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e o, kí wọ́n sì kó o kúrò. Ẹ má fi sílẹ̀ lórí ìdúró."

Mo ní, "Kò burú, mo gbọ́."

Kì í ṣe pé n kò gbọ́. Koríko náà kú lóòótọ́. Ó pọ́n, lẹ́yìn náà ó funfun bí ìwé àtijọ́, gbogbo rẹ̀ sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ejò kò wá mọ́. Mo rò ó pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tèmi, pé mo ti ṣe ju ohun tó kàn mí lọ. Ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé dé, Kérésìmesì dé. Ọyẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ gan-an, ètè wa ń là, eruku bo orí tábìlì bí a bá nù ún tán. Lóru, mo máa ń gbọ́ bí koríko yẹn ṣe ń ha ara rẹ̀ mọ́ fẹ́ńsì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí ọkọ mi ṣe ń fọ eyín rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ní, "Tíṣà, koríko yìí ti gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ o. Epo bẹntiróòlù ló kù tí a ò tíì da sí i."

Mo ní tí iléèwé bá wọlé, mà á wá ẹni tó máa kó o.

Ọjọ́ Sátidé ni iná náà dé, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ọkọ mi ti lọ síbi òkú ní Ìgbẹmọ. Mò ń to ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà tí mo gbọ́ ohun kan tó dà bí òjò lórí páànù. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí oòrùn wà níta. Bí mo ṣe dìde ni ẹnìkan figbe ta lójú ọ̀nà pé, "Uná! Uná o! Ẹ jáde nínú ulé!"

Láti apá ibi tí oko wà ni iná náà ti ń bọ̀. Títí di òní, n kò mọ ẹni tó dá a. Èéfín ti bo ojú ọ̀run, eérú ń já bọ́ sínú ọgbà wa bí ìyẹ́ adìẹ. Nígbà tí iná náà dé etí ilẹ̀ òfìfo yẹn, kò tún rìn mọ́. Ó fò. Ó ga tó igi ọ̀pẹ. Mo gbọ́ ariwo kan bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa aṣọ tuntun ya, gbogbo koríko tí mo ti pa sílẹ̀ dè é sì gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo wọlé, mo kó ìwé ẹ̀rí wa. Mo ju wọ́n sínú mọ́tò. Mo padà wọlé, mo gbé tẹlifíṣọ̀n. Mò ń sunkún, mò ń pe Jésù, mò ń gbé tẹlifíṣọ̀n. Ibẹ̀ ni màmá eléwúrẹ́ bá mi. Ó gba ojú ọ̀nà yí ká wá, ó ń sáré bí ọmọdé, ó gbé àpò méjì tó ti rẹ sínú omi lé èjìká.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀!" ó ké mọ́ mi. "Ọkọ́ dà? Sílíńdà gáàsì yín ńkọ́?"

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni sílíńdà náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ àti kéèègì epo. N kò tilẹ̀ rántí wọn. Àwa méjèèjì yí sílíńdà náà lọ sí ẹnu géètì. Ó ní kí n gbé epo jáde, mo gbé e. Àwọn aládùúgbò mẹ́rin ti dé nígbà náà pẹ̀lú àdá àti ẹ̀ka igi tútù. Màmá náà ní kí wọ́n fa òdòdó orí fẹ́ńsì lulẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wo ojú mi.

"Ẹ fà á!" màmá náà ní. "Òun ló máa gbé iná wọlé!"

Wọ́n fà á lulẹ̀. Nínú ikùn rẹ̀, ewé gbígbẹ tó ti pé jọ láti ọdún tí mo ti gbìn ín ń tú jáde bí ẹ̀pà láti inú àpò tó ya. N kò mọ̀ rí pé ó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ nínú. Èmi àti màmá náà fi ọkọ́ gbá gbogbo ewé ìdí ògiri kúrò títí ó fi ku erùpẹ̀ lásán. Iná yọ orí láti òkè fẹ́ńsì, ó na ọwọ́ sí wa, kò rí nǹkan dì mú. Táǹkì omi wa tó wà ní igun fẹ́ńsì rọ̀, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi rẹ̀ sì dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gíláàsì wíńdò méjì là. Màmá náà ń fi àpò tútù lu gbogbo ẹ̀ta iná tó bá bọ́ sínú ọgbà. Ooru yẹn ń bó wa lójú, a kò lè dúró síbì kan.

Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn yí padà. A mọ̀ ọ́n lára, ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn. Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ jáde, mo ní, "Ọlọ́run ṣeun!"

Màmá náà ti ju àpò sílẹ̀, ó ti ń sáré.

Kí a tó yí ojú ọ̀nà ká dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ahéré ata ti ń jó. Ẹ̀ẹ̀rùn gbogbo ló fi ń rà á, tó fi ń sá a, tó fi ń dì í sápò, kí ó lè rí i tà nígbà tí òjò bá dé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti yan ata gbígbẹ nínú ilé rí tó jóná díẹ̀, ẹ mọ bí èéfín rẹ̀ ṣe rí. Ẹ wá wo odindi ahéré kan. A kò lè sún mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lọ síwájú, á wúkọ́, á ju bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, á sá padà. Gbogbo wa dúró lójú ọ̀nà, omi ń dà lójú wa, imú wa ń ṣàn. Màmá náà gbìyànjú láti wọ inú èéfín náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọkùnrin dì í mú. Láti ahéré ni iná ti mú òrùlé ilé rẹ̀. Kí a tó rántí pé ó yẹ kí a pe panápaná, iná ti ṣe tirẹ̀ tán.

Nígbà tó yá, ó jókòó sórí àpáta rẹ̀. Ata tó sá síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nìkan ni kò jó. Mo lọ bá a. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti há pátápátá.

"Ṣé ilé yín ò jó?"

Mo ní, "Kò jó, Màmá."

"A dúpẹ́."

Ìpàdé pàjáwìrì wáyé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, a pe màmá náà, ó sì jókòó sí ẹ̀yìn lórí àga oníke kan. Alága wa, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, bá a kẹ́dùn. Ó ní àwọn ọdẹ tó ń lé ọ̀yà ló tiná bọ igbó, pé ìwà wọn burú. Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n ka ohun tí mo kọ, mo dìde, mo kà á ketekete: àwọn ọdẹ ló fa iná náà. Bí mo ṣe gbé ojú sókè, màmá náà ń wò mí. Kò fajú ro. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń dúró de kí n parí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé ìwò yẹn kiri. Àwọn aládùúgbò mú aṣọ wá fún un, èmi náà mú aṣọ àti ìkòkò wá, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bó ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ní kíláàsì, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń tọ́jú àyíká. Ọkọ mi kò bá mi wí. Ó kàn lọ ra réèkì kan, ó sì gbé e ti ògiri ẹ̀yìn ilé.

Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo lọ bá màmá náà láàárọ̀ Sátidé kan. Ó ń ṣa ìṣó nínú eérú ahéré rẹ̀, ó ń kó wọn sínú agolo. Mo kúnlẹ̀ sínú eérú náà.

"Màmá, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Kì í ṣe àwọn ọdẹ nìkan. Èmi ni mo pe ẹni tó fín oògùn sí koríko yẹn. Ó sọ fún mi pé kí n kó o, n kò kó o. Ká ní mo kó o ni, iná ì bá má dé ibí."

Kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo rí ọkùnrin náà lọ́jọ́ tó ń fín in. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo koríko yẹn láti orí àpáta."

"Ẹ mọ̀? Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Ó gbé ìṣó kan sókè, ó wò ó bóyá ó ṣì tọ́, ó jù ú sínú agolo.

"Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní òfin ni."

Mo fẹ́ kó bú mi. Mo dúró de èébú náà, kò dé. Ó ní kí n dìde kí eérú má ba aṣọ mi jẹ́.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, mo bẹ̀bẹ̀ fún ààyè láti sọ̀rọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: oògùn, ọkùnrin tó kìlọ̀ fún mi, irọ́ tí mo pa nípa ìgbẹ́ ewúrẹ́, ohun tí mo kọ sínú ìwé ìpàdé. Mo rò pé wọ́n á dákẹ́. Alága rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Ó ní, "Akọ̀wé wa, onírẹ̀lẹ̀ èèyàn ni yín. Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣáná ni?" Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnìkan ní irú èmi ló yẹ kó wà nínú ìjọba. Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ tí wọ́n wá ń yìn fún aṣọ tó wọ̀. Màmá náà kò sí níbẹ̀. Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Òkè-Ìlá ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Mo tún ìwé ìpàdé kọ bó ti yẹ kó rí. A fagi lé òfin ewúrẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ní ewúrẹ́ mọ́. A sì fẹnu kò pé kí ọyẹ́ tó dé lọ́dọọdún, oníkálukú á ṣán koríko yí ilé rẹ̀ ká, ó kéré tán ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á gé e, á sì kó o kúrò, yálà ilẹ̀ náà jẹ́ tirẹ̀ tàbí kì í ṣe tirẹ̀. A ní kí ẹnikẹ́ni má to igi ìdáná ti ògiri, kí a gbá ewé kúrò lórí páànù, kí a gé ẹ̀ka igi tó bá rọ̀ sórí òrùlé. Ilẹ̀ òfìfo yẹn ni èmi àti ọkọ mi mú. Ọdún àkọ́kọ́, ọwọ́ mi bó. Ó rọrùn fún mi ju ìpàdé lọ. A tún òrùlé màmá náà kan, a ránṣẹ́ sí i pé ilé ti tó wọ̀. Ó ránṣẹ́ padà pé a ṣeun, ṣùgbọ́n ara òun kò gbé àdánìkangbé mọ́.

Ọdún méjì kọjá kí n tó ní ìgboyà láti lọ wò ó. Mo ra búrẹ́dì àti ọsàn, mo wọ Òkè-Ìlá, mo béèrè ilé títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà nídìí máṣíìnì. Nígbà tí mo sọ àdúgbò tí mo ti wá, ó fò dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ̀yin ni Tíṣà! Ẹ wọlé, mà. Ìyá mi máa ń sọ̀rọ̀ yín."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá mà á rí ohun tí ìyá rẹ̀ sọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi tútù wá. Màmá náà ti yàrá jáde, ó ti rù díẹ̀, ó fi ọwọ́ di ògiri mú. Ó kí mi, ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè iléèwé.

"Wọ́n sọ fún wa," ọmọ rẹ̀ ní, "pé ẹ̀yin lẹ máa ń fi mọ́tò yín gbé wọn àti ẹrù ata wọn lọ sí Ọjà Ọba. Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe ràn wọ́n lọ́wọ́ tó."

Mo ní láti ronú kí n tó rántí ohun tó ń sọ. Ṣáájú ọ̀rọ̀ àwọn ewúrẹ́ ni, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, tí mo bá a lójú ọ̀nà nínú òjò tí mo sì gbé e. Mo wo màmá náà. Ó ti jókòó, ó ń bó ọsàn kan nínú èyí tí mo mú wá.

"Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni," ni mo sọ.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni," màmá náà ní, ó sì na ìdajì ọsàn náà sí mi.